Gọ́ọ̀fù: Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù yín ń yà sọ́tùn-ún, báwo lẹ ṣe lè mú un lọ tààrà?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré ọmọ Mushin. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti àwọn ajagunfẹ̀yìntì ló ni ín, àwọn tó ní dírẹ́bà tó ń dúró dè wọ́n lábẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ náà ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ tẹ̀kì ní Yaba, àwọn tó wà ní báńkì, àtàwọn tó kàn fẹ́ mọ ẹni tó lè gbé iṣẹ́ fún wọn, ti ń yọ́ lọ gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tó sì ń lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, kì í ṣe owó nìkan. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, á gbéra dáadáa, á wá tẹ̀ sọ́tùn-ún bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó di inú igbó. Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá lọ báyìí láàárọ̀ ọjọ́ kan, owó sì ni bọ́ọ̀lù.

Slice ni àwọn tó ń gbá a ń pe ìyẹn. Òdìkejì ẹ̀, èyí tó ń tẹ̀ sósì, ni hook. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún la máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yí i padà bí ẹ ṣe ń kà á.

Ojú igi ló ń pàṣẹ

Igi àti bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ papọ̀ rárá. Ẹ mú ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ pín in sọ́nà 2,000. Ìpín kan ṣoṣo nínú ẹ̀ ni gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń fara kanra. Láàárín àkókò yẹn, ohun méjì péré ni bọ́ọ̀lù ń bi igi: ibo lojú ẹ kọ sí, ibo lo sì ń lọ?

Ibi tí ojú igi kọ sí ló ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa kọ́kọ́ dorí kọ. Tí ẹ bá pín ọ̀rọ̀ náà sọ́nà márùn-ún, nǹkan bíi mẹ́rin wà lọ́wọ́ ojú igi. Ọ̀nà tí igi ń gbà bọ̀ ló ni èyí tó kù. Ṣùgbọ́n tí ojú igi bá kọ síbì kan, tí igi fúnra ẹ̀ ń lọ síbòmíì, bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ló sì ń mú un tẹ̀. Bí ààlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tẹ̀ tó.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òdìkejì èyí ni wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n ní ọ̀nà tí igi gbà ló ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò bọ́ọ̀lù, pé ojú igi kàn ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà ni. Nígbà tí ẹ̀rọ radar bíi TrackMan, tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Denmark, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bọ́ọ̀lù lójú òfurufú, àríyànjiyàn náà parí. Àwọn olùkọ́ kan ṣì wà tó ń kọ́ni ní ti àtijọ́ o. Tí ẹ bá pàdé irú wọn, ẹ má bá wọn jà, ẹ ṣáà máa wo bọ́ọ̀lù yín.

Ìṣirò kékeré kan nìyí. Ká ní ẹ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ sí 200 mítà, ojú igi wá fi dìgírì 1 péré yà. Kódà tí bọ́ọ̀lù ò bá tẹ̀ rárá, yóò fi mítà 3 àbọ̀ tàsé. Tó bá jẹ́ dìgírì 5, ó ti lé ní mítà 17. Ọ̀pọ̀ títì àdúgbò ní Mushin ò fẹ̀ tóyẹn pẹ̀lú gọ́tà méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé agbára apá kọ́ ni ìṣòro yín. Ẹni tó lágbára jù ni bọ́ọ̀lù ẹ̀ máa ń jìnnà sínú igbó jù.

Ọ̀rọ̀ pípòòyì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tẹ́nì ní àdúgbò, tàbí tó ti wọ gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas ní pápá Teslim Balogun, Surulere, lọ wo Aruna Quadri, ti rí bí pátákó tó fi ara yún bọ́ọ̀lù lásán ṣe ń mú kó ya bàrá. Bákan náà ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Lóṣù kẹfà ọdún 1997, Roberto Carlos gbá free kick kan wọlé France tó jọ pé ó ń lọ síta pátápátá kó tó yí padà sínú àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù tó ń yí bó ṣe ń fò máa ń tẹ̀ síbi tí iwájú ẹ̀ ń yí sí. Ti gọ́ọ̀fù tún wá le jù, nítorí bọ́ọ̀lù ẹ̀ kéré, ara ẹ̀ sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ tó ń di afẹ́fẹ́ mú. Àwọn ihò yẹn ló ń jẹ́ kó lè fò jìnnà. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń gbá a ló ṣàkíyèsí pé bọ́ọ̀lù tó ti ha, tó ti gbọgbẹ́, ń fò ju tuntun tó ń dán lọ, ni wọ́n bá kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́gbẹ́ láti ilé iṣẹ́.

Ẹ ka bọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ tó tún nǹkan kan ṣe

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn wo fídíò mẹ́fà lórí YouTube lálẹ́ Ẹtì, kó wá kó gbogbo ẹ̀ wọ pápá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ná, kẹ́ ẹ ṣáà máa wò ó.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, tó wá tẹ̀ wá sọ́tùn-ún, igi yín ń ti ìta bọ̀ wá sínú, ojú ẹ̀ sì ṣí ju ọ̀nà tó ń gbà lọ. Èyí ni slice ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, tó tún ń lọ sọ́tùn-ún sí i, ojú igi ti ṣí gbàù nìyẹn, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi di igi mú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tó bá lọ sósì tààrà láìtẹ̀, ojú igi àti ọ̀nà ẹ̀ jọ fohùn ṣọ̀kan ni, ibi tí kò yẹ ni wọ́n kàn jọ ń lọ. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún díẹ̀, tó rọra padà sí àárín, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, draw nìyẹn, àwọn kan ń sanwó kí wọ́n tó ní in.

Ẹ tún wo ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kan ojú igi. Ẹ gbọn páúdà ọmọdé díẹ̀ sí i, tàbí kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, kẹ́ ẹ gbá a, kẹ́ ẹ wo àpá tó fi sílẹ̀. Pàápàá pẹ̀lú driver, bọ́ọ̀lù tó bá kan ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ yín máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, èyí tó bá kan ẹ̀gbẹ́ òdìkejì máa ń tẹ̀ sósì, bó ti wù kí swing yín dáa tó. Mo ti rí ẹni tó ń tún ọwọ́ àti èjìká ṣe láti oṣù dé oṣù, nígbà tó jẹ́ pé ó kàn dúró sún mọ́ bọ́ọ̀lù jù ni.

Ìbéèrè kan máa ń wáyé: kí ló dé tí iron 9 mi ń lọ tààrà, tí driver sì ń tẹ̀? Ojú iron 9 dẹ̀ sẹ́yìn gan-an, nítorí náà bọ́ọ̀lù ń yí padà sẹ́yìn lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí sì ń bo yíyí ẹ̀gbẹ́ mọ́lẹ̀. Ojú driver fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, ó sábà máa ń wà láàárín dìgírì 9 sí 12. Kò sí ohun tó máa bo àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ yín níbẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ pé kó fi driver sílẹ̀ sílé fún oṣù méjì. Iron 7 kan ṣoṣo ti tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi di igi mú

Ibí ni ọ̀pọ̀ slice ti ń wá, ibẹ̀ náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe, torí pé kò gba pápá. Ẹ lè ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ fi igi sí ìdí ìka ọwọ́ òsì, kó má jẹ́ àárín àtẹ́lẹwọ́. Ẹ pa ọwọ́ dé e, kí àtàǹpàkò wà lórí igi, kó yẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wolẹ̀ báyìí, ó yẹ kẹ́ ẹ rí oríkèé ìka méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta, lẹ́yìn ọwọ́ òsì yẹn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ rí, tàbí tẹ́ ẹ ò rí ìkankan, ọwọ́ yín ti yí sósì jù, ojú igi á máa ṣí fúnra ẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á wá tẹ̀lé e, kí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bo àtàǹpàkò òsì. Ààlà tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ méjèèjì yẹ kó nà sí èjìká ọ̀tún.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Ẹ rántí píọ́ wọ́tà tẹ́ ẹ ti já létí. Tẹ́ ẹ bá fún un, omi á tú sí yín láyà. Tẹ́ ẹ bá dẹ ọwọ́ jù, á bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹni tó bá fún igi mọ́wọ́, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ máa gan, ojú igi ò sì ní ráyè padà wálé lásìkò.

Oòrùn Èkó tún wà níbẹ̀. Òógùn á mú ọwọ́ yọ̀, ẹ̀rù á ba èèyàn pé igi máa fò lọ, ni á bá fún un pinpin. Ẹ ní ìbọ̀wọ́ fún ọwọ́ òsì àti aṣọ ìnura kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò. Tó bá sì jẹ́ igi tókunbọ̀ lẹ rà, ẹ wo rọ́bà tó wà níbi ìdìmú. Ó sábà máa ń ti gbó, á máa dán bí táyà tó ti jẹ. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, tí kò bá rí bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Owó ẹ̀ kò tó nǹkan kan lára owó driver tuntun tẹ́ ẹ rò pé ó máa gbà yín.

Ojú irin

Àwọn tó ń wọ Red Line láti Yaba tàbí Mushin lọ sí Ikeja mọ bí irin méjì ṣe ń lọ, tí wọn kì í pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe dúró. Bọ́ọ̀lù àti ibi tó ń lọ wà lórí irin ọ̀hún. Ẹsẹ̀, ìbàdí àti èjìká yín wà lórí irin tìhín. Tẹ́ ẹ bá tọ́ka ẹsẹ̀ sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ gan-an, ẹ ti yà sọ́tùn-ún láìmọ̀.

Ọ̀fìn tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn mì nìyí. Ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ń tẹ̀ sọ́tùn-ún á rò pé ọgbọ́n ni kóun kọjú sósì díẹ̀, kó lè tẹ̀ bọ́ sí àárín. Èjìká ẹ̀ á ṣí, igi á túbọ̀ máa ti ìta bọ̀, ààlà láàárín ọ̀nà igi àti ojú igi á fẹ̀ sí i, slice á le sí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á tún kọjú sósì sí i. Àwọn kan ti fi ọdún mẹ́ta gbá gọ́ọ̀fù báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí ihò.

Ẹ fi igi méjì tẹ́lẹ̀ bí ojú irin, kẹ́ ẹ máa dúró sí i títí tó fi máa mọ́ ara yín lára. Ẹsẹ̀ yà tó ìbú èjìká fún iron. Iron 7, bọ́ọ̀lù wà ní àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Driver, ó wà ní ọ̀kánkán gìgísẹ̀ òsì. Tẹ́ ẹ bá ti gbé bọ́ọ̀lù síwájú jù pẹ̀lú iron, igi á ti máa yí sósì kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Swing fúnra ẹ̀

Ẹni tó bá lọ sí ilé ìwé girama ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń fi àdá ṣán koríko nígbà labour. Kò sẹ́ni tó ń gbé àdá sókè orí, tó ń fi èjìká ju ú wálẹ̀ síwájú. Ẹ máa rọ́ ìbàdí, ẹ máa fa ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mọ́ ẹ̀gbẹ́, àdá á wá fẹ̀ jáde láti inú. Ohun tí gọ́ọ̀fù ń wá náà nìyẹn. Slice ń wá látọ̀dọ̀ ẹni tó bá gbé igi dókè, tí ìwàǹwára wá mú un, tó fi èjìká ọ̀tún ṣáájú. Igi á gba òde, á gé bọ́ọ̀lù wọnú.

Tí igi bá ti dókè, ìsàlẹ̀ ara ni kó kọ́kọ́ ṣí. Ẹ gbé ìwúwo yín sí ẹsẹ̀ òsì, kí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kí ọwọ́ ṣì dà bí ẹni pé ó ń sinmi. Ó máa ń ṣòro gbọ́, nítorí ọwọ́ lèèyàn fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ lọkàn sì wà. Ẹ gbé páálí òfìfo kan sílẹ̀, kó wà níta bọ́ọ̀lù, kó sì fi bí àtẹ́lẹsẹ̀ kan wà lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ìta bọ̀, ẹ máa gbá páálí. Páálí kì í parọ́, kì í sì í gba owó ẹ̀kọ́. Fún ọwọ́ tó ń fò kúrò lára, ẹ fi aṣọ ìnura há abíyá méjèèjì, kẹ́ ẹ fì í níwọ̀n ìdajì. Tó bá jábọ́ kẹ́ ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù, apá ti ń dá rìn.

Ìwàǹwára ńkọ́? Nígbà tí John Novosel wo fídíò àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ láyé, ó rí i pé àkókò tí wọ́n fi ń gbé igi lọ sókè tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n fi ń mú un bọ̀ dé bọ́ọ̀lù. Ẹ lè kà á sínú: ení, èjì, ẹ̀ta, igi ń lọ; ẹ̀rin, ó ti kàn án. Àwọn kan yára ju àwọn kan lọ, ṣùgbọ́n mẹ́ta sí ọ̀kan yẹn kì í sábà yí padà.

Ibo lẹ ti máa ṣe é?

Fún ẹni tó ń gbé Surulere, Yaba tàbí Mushin, méjì tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù ni Ikeja Golf Club ní GRA Ikeja, àti Ikoyi Club 1938 lókè odò lọ́hùn-ún. Ti Ikoyi ní ìtàn. European Club àti Lagos Golf Club ló para pọ̀ di ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1938, orúkọ ti àkọ́kọ́ yẹn sì ti sọ fún yín ẹni tí wọ́n ń gbà wọlé nígbà náà. Àwọn tiwa ń gbé àpò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní Nàìjíríà, ẹnu iṣẹ́ kádì náà ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n ń wo ọ̀gá, wọ́n sì ń fi igi àlòkù gbìyànjú nígbà tí ọ̀gá bá ti lọ. Láyé ọjọ́un, iyanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ojú ibi tí ihò wà, browns ni wọ́n ń pè é. Lórí irú ẹ̀ ni Sandy Lyle, ọmọ Scotland, ti gba Nigerian Open lọ́dún 1978, ìdíje àkọ́kọ́ tó gbà lẹ́yìn tó sọ eré yìí di iṣẹ́. Ó gbá 61 ní ìpele kan níbẹ̀. Lọ́dún 1985 ó gba The Open, lọ́dún 1988 ó gba Masters. Ní ti àwa náà, Georgia Oboh ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá nínú Ladies European Tour, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé eré bàbá àgbà ni.

Tí owó bá wà fún ẹ̀kọ́ kan péré, ẹ san án ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín to ọwọ́ àti ìdúró. Ẹ má dúró dìgbà tí àṣìṣe bá ti di ìwà. Kádì tó ti pẹ́ lórí pápá náà lè rí ohun tẹ́ ẹ ò rí. Ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní nǹkan.

Nílé, ẹ lè di igi mú, ẹ lè dúró sójú irin, ẹ lè fì í láìsí bọ́ọ̀lù, tí àjà ilé àti fáànù bá gbà yín láyè. Ẹ fi fóònù ya ara yín látẹ̀yìn, kí kámẹ́rà wà ní gíga ọwọ́, kó sì kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ gbá nǹkan, ẹ lo bọ́ọ̀lù fóòmù.

Ẹ má gbá ojúlówó bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ní pápá àdúgbò, ní ojú títì, tàbí lórí òrùlé. Kò wúwo ju gíráàmù 46 lọ, ṣùgbọ́n líle ni, ó sì lè fọ́ gíláàsì mọ́tò tàbí ojú ọmọdé tó ń gbá sẹ́ẹ̀tì ní 100 mítà sí yín. Lórí pápá gidi pàápàá, tó bá ti ń tẹ̀ lọ sápá ibi tí èèyàn wà, ẹ kígbe “Fore!” lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tijú.

Lásìkò òjò, koríko tó ga máa ń di ọrùn igi mú, á yí ojú ẹ̀ sósì, nítorí náà hook tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ lóṣù keje kì í ṣe ẹ̀bi swing. Ẹ mú iron tí ojú ẹ̀ dẹ̀ sẹ́yìn jù, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ le díẹ̀ ju ti píọ́ wọ́tà lọ, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù padà sójú ọ̀nà.